Ìlà Kan fún Wúrà

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà

Òjò láti àárọ̀. Ọmọ mi obìnrin wọ ṣọ́ọ̀bù alágbẹ̀dẹ wúrà mi pẹ̀lú lẹ́tà lọ́wọ́ àti ẹrẹ̀ ní bàtà, ó sì gba orí ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù kọjá láìwo ẹ̀yìn. Wọ́n ti gbà á síbi iṣẹ́ tó ti ń lé láti ọdún mẹ́ta: ilé awò awọ̀nàjíjìn ńlá kan lórí òkè ní òdìkejì òkun, níbi tí òjò kì í ti í sábà rọ̀, tí wọ́n ń fi òru wo ìràwọ̀. Ọdún mẹ́rin ni yóò lò níbẹ̀. Ọjọ́ kọkànlá oṣù tó ń bọ̀ ni ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ yóò gbéra. Mo kí i kú oríire, mo sì yára kọjú sí ìléru bí ẹni tí iná ń pè, kí ó má baà rí ojú mi.

Kò lọ. Ó jókòó sórí àpótí oníbàárà, ó ń fi àkísà nu ẹrẹ̀ tó kó wọlé.

"Bàámi, ẹ̀gbà ọwọ́ màámi ńkọ́?"

"Ó wà níbi tó wà."

"Mo fẹ́ gbé e lọ. Ṣùgbọ́n mi ò lè wọ ẹ̀gbà níbi iṣẹ́, á máa gbá awò. Ẹ bá mi yọ́ ọ, kí ẹ fi rọ òrùka."

Ẹ bá mi yọ́ ọ! Bí ẹni tó ní kí n bá òun gbé omi kaná. Ọdún tí mo fẹ́ ìyá rẹ̀ ni mo fi wúrà rọ ẹ̀gbà yẹn, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló sì fi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí ó ti kú, ọdún mẹ́ta rèé, ó wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Kò sí ohun mìíràn lára obìnrin náà tí mo tún lè fọwọ́ kàn. Mo ní màá rò ó.

Ìwé oníbàárà ni ìwé yìí tẹ́lẹ̀. Oníbàárà ò pọ̀ mọ́, nítorí náà ara mi ni mo ń kọ sínú rẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta

Owó gáàsì tún ti gòkè. Mo padà sí èédú.

Apẹja tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ mi kó àjákù òjé wá, ó ní kí n bá òun yọ́ ọ sí ìwọ̀n wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń so mọ́ etí àwọ̀n. Ó jókòó tì mí títí mo fi ṣe é tán, ó ń sọ̀rọ̀ bí òjò. Ó rí àgbélébùú tí mo fín sí ìdí ìkòkò ìyọ́ tí mo lò, ó bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ní ìlà kan ni ìkòkò wúrà, ìlà méjì ni ti fàdákà, àgbélébùú ni ti ìdọ̀tí, bí òjé rẹ̀ yìí.

"Ẹ sì máa ń dorí ìkòkò kodò wò ó kí ẹ tó lò ó?"

"Wò ó kẹ̀? Àtàǹpàkò la fi ń kà á. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ojú lè purọ́, àtàǹpàkò kì í purọ́."

"Àtàǹpàkò tó jóná lóṣù tó kọjá yẹn?"

"Ó ti san," mo wí. Ó ti san lóòótọ́. Awọ ibẹ̀ kàn yi díẹ̀ ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà

Ìyá Ìràwọ̀ (orúkọ tí mo fi ń fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn láti kékeré) sáré wọlé lónìí láìkí mi, èyí tí kì í ṣe ìwà rẹ̀.

"Bàámi, ìràwọ̀ kan bẹ́!"

Mo ní ṣé kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ìléru mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì sọ̀rọ̀ gan-an bí ìyá rẹ̀.

Ó ní ìléru ni ìràwọ̀. Iṣẹ́ tèmi náà ló ń ṣe. Ohun tó fúyẹ́ jù lọ ló kọ́kọ́ ń jó, eérú èyí yóò wá di èédú fún iná kejì, eérú èkejì á di èédú fún ẹ̀kẹta, bẹ́ẹ̀ ni eérú náà á máa wúwo sí i. Ooru yìí ló ń gbé ara ìràwọ̀ ró kí ó má wó lé ara rẹ̀ lórí.

"Títí dé ibo?"

"Títí dé irin. Tó bá kan irin, ó parí. Irin ò lè fún un ní ooru kankan. Ìràwọ̀ tó ti ń jó láti mílíọ̀nù ọdún, ikùn rẹ̀ á ṣófo lójijì. Àárín rẹ̀ tó tóbi tó gbogbo ayé wa yìí á wó wọnú ara rẹ̀ kí ẹ tó ṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ á bẹ́ jáde."

"Irin," mo wí.

"Irin ni, Bàámi."

Nígbà tó lọ tán, mo wo ẹ̀mú mi, mo wo ọmọ owú mi, mo wo ìṣó tí mo fi kọ́ fìlà mi. Ogójì ọdún ni mo ti ń bá irin ṣeré lójoojúmọ́. Mi ò mọ̀ pé òun ló ń pa ìràwọ̀. Mo mú fìlà kúrò lórí ìṣó náà tìṣọ́ratìṣọ́ra.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo yọ ẹ̀gbà náà jáde. Mo dá a padà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Mo ti yọ́ ọ.

Mo dìde kí ojú tó mọ́, mo dá iná, mo ki ọwọ́ sí pẹpẹ, mo fi àtàǹpàkò ka ìdí ìkòkò, mo bá ìlà kan. Mo gbé ẹ̀gbà sínú rẹ̀. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, mo fọn bórásì, ìyẹ̀fun tó ń fọ wúrà mọ́, sí i, mo fẹ́ iná. Ó tẹ̀, ó rọ̀, ó di omi. Mo dà á sínú irin oníhò, ó sì gbá jọ, ó pọ́n, ó dára. Títí débẹ̀, kò sí wàhálà.

Wúrà tó péye máa ń tẹ̀ lé ọmọ owú bí ọmọ tó ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀. Mo lù ú lẹ́ẹ̀kan, mo lù ú lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo gbọ́ ìró kan tí mi ò fẹ́ gbọ́. Ó là láti etí dé àárín. Mo ní bóyá kò gbóná tó. Mo tún fi sínú iná, mo tún lù ú, ó sì ṣẹ́ sí mẹ́ta bí búrẹ́dì tó ti gbẹ. Ojú ibi tó ti ṣẹ́ rí bí eérú.

Mo pa iná.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Òjò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá

Mo gbé ìkòkò náà lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Mi ò rí ohunkóhun. Mo wá ṣe ohun tí mo ti kọ̀ láti ṣe láti ọdún tó kọjá: mo ṣí dúrọ́ọ̀, mo mú jígí tí ọmọ mi rà fún mi, mo fi sójú.

Àgbélébùú ni. Èéfín ti dí apá kan rẹ̀, apá kejì nìkan ló ṣẹ́ kù tó jìn, àtàǹpàkò mi tó ti yi bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà sì kà á sí ìlà kan. Ìkòkò òjé Apẹja ni mo fi yọ́ wúrà ìyàwó mi.

Òjé tó kù sí ìsàlẹ̀ ìkòkò yẹn lè má ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ. Ó tó. Alágbẹ̀dẹ tó bá ti wà lẹ́nu iṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà péré ló mọ̀ pé òjé díẹ̀ ló ń sọ wúrà púpọ̀ di ohun tí kò ṣe é lù mọ́. Ẹ̀gbà yẹn lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní ọwọ́ obìnrin yẹn, ó fọṣọ pẹ̀lú rẹ̀, ó wẹ ọmọ pẹ̀lú rẹ̀, nǹkan kan kò ṣe é. Ó lo òwúrọ̀ ọjọ́ kan lọ́wọ́ mi, mo bà á jẹ́. Ojú ń tì mí débi pé mi ò lè wo fọ́tò rẹ̀ tó wà lára ògiri.

Mi ò ní sọ fún ọmọ náà. Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ló kù.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá

Ó wá bá mi jẹun. Ó bèèrè òrùka kó tó jókòó. Mo ní iṣẹ́ ń lọ lórí rẹ̀. Kí ó má baà bèèrè sí i, mo sáré wá ìbéèrè tèmi: bí iná ìràwọ̀ bá parí sórí irin, níbo wá ni wúrà ti wá, tó jẹ́ pé ó wúwo ju irin lọ fíìfíì?

Mo yẹ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo gbọ́ gbé mi mì.

Ó ní inú ìbẹ́ yẹn gan-an ni. Pé nígbà tí ìràwọ̀ bá ń wó, ó ń fún ohun inú rẹ̀ pọ̀ débi pé nǹkan kéékèèké kan tí wọ́n ń pè ní nútírọ́ọ̀nù á máa rọ̀ bí òjò lu kóró irin àti ìbátan rẹ̀. Kóró á gbé ọ̀kan mì. Kó tó rí àyè dà á, òmíràn ti dé. Á tún gbé e mì, á tún gbé e mì, á máa wúwo, á máa wúwo. Tí òjò náà bá dá, ohun tó ti gbé mì á wá fìdí kalẹ̀ nínú rẹ̀: òmíràn á di fàdákà, òmíràn á di wúrà.

"Ó máa gba bí ọdún mélòó?"

"Ẹ kà dé márùn-ún, Bàámi. Ó ti tán."

Mo kà á. Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Mo gbé síbí sílẹ̀.

Ó ní àwọn ò tíì fohùn ṣọ̀kan o. Àwọn kan nínú wọn ní ìbẹ́ lásán kò lágbára tó, àfi irú kan tó ṣọ̀wọ́n. Àwọn kan ní òkú ìràwọ̀ méjì tí ìbẹ́ fi sílẹ̀ ló máa ń kọlu ara wọn kí wúrà tó jáde. "Ìdí tí mo fi ń lọ nìyẹn. Mo fẹ́ mọ ibi tó ti wá." Ó bu omi mu. "Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé nínú iná kan náà yẹn ni ọ̀pọ̀ òjé ti ń jáde. Ọmọ ìyá ni òjé àti wúrà."

Omi gba ọ̀nà òdì lọ́fun mi. Ó dìde, ó ń gbá mi lẹ́yìn.

"Kí ló dé?"

"Ata ni."

"Omi lẹ̀ ń mu, Bàámi."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Òru mẹ́ta ni mi ò fi sùn dáadáa. Ní àárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń fọ ẹnu, ohùn ọ̀gá mi bọ́ sí mi létí bí ẹni pé ó wà lẹ́yìn mi: "Òjé tó bá wọ wúrà, òjé ni kí o rán lọ pè é jáde." Ife eegun! Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rí i tí ó ṣe é, ní ogójì ọdún sẹ́yìn, èmi ni mo sì ń fẹ́ ẹwìrì. A ó fi eérú eegun mọ ife, a ó fi òjé púpọ̀ yí wúrà tó bàjẹ́ ká, a ó gbé e sínú iná tí atẹ́gùn ń wọ̀. Òjé á fa ọmọ ìyá rẹ̀ mọ́ra, ife á mu òjé, wúrà á ṣẹ́ kù. Bí mo bá rántí rẹ̀ dáadáa. Bí ojú mi bá gbà á.

Mo lọ sọ́dọ̀ alápatà, mo ní kó fún mi ní gbogbo eegun tó bá ní.

"Bàbá, ṣé ẹ ti ra ajá ni?"

"Mẹ́fà," mo wí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlógún

Òjò dá díẹ̀, mo sì fi àyè yẹn sun eegun ní ẹ̀yìnkùlé. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n tún gbóòórùn bẹ́ẹ̀ mọ́. Gbogbo fèrèsé àdúgbò ló tì pa. Apẹja yọ orí jáde, ó ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, òun á kàn máa wòran.

Bí mo ṣe ń fi ọ̀pá yí eegun padà, mo gbọ́ ohùn ọmọ mi lẹ́yìn mi. "Bàámi, kí lẹ̀ ń sun?"

Irọ́ mẹ́ta ló wá sí mi lẹ́nu, kò sí èyí tó ṣe é pa nínú èéfín yẹn. Mo wọlé, mo gbé àpótí jáde, mo fi eérún mẹ́ta náà hàn án, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láti orí ìkòkò dé orí àtàǹpàkò.

Ó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé wọn sókè sí ìmọ́lẹ̀.

"Ìgbà wo nìyí?"

"Ọjọ́ kọkànlá."

"Ẹ wá ní ata ni." Ojú rẹ̀ ti kún fún omi. "Ẹ̀gbà náà dùn mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n màámi ò sí nínú wúrà, Bàámi. Ẹ̀yin lẹ ṣẹ́ kù fún mi, ẹ̀yin náà lẹ sì ń dá nìkan jókòó níbí pẹ̀lú ìbànújẹ́, tí ẹ ń sọ fún mi pé iṣẹ́ ń lọ. Tí mo bá wá dé òdìkejì òkun ńkọ́? Ṣé bẹ́ẹ̀ náà lẹ máa máa ṣe?"

Mo ní kó má bínú. Ó ní òun ń bínú o. A dúró báyìí, èéfín eegun ń ta wá lójú àwa méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó lè mọ ẹni tó ń sunkún lóòótọ́.

Nígbà tó yá, ó fa imú, ó ní kí n ṣàlàyé ife náà fún òun. Mo ṣàlàyé. Ó wo eegun tó ti funfun nínú eérú, ó sì rọra jókòó sórí bíríkì.

"Bàámi, ẹfun tó wà nínú eegun yìí, ìràwọ̀ tó bẹ́ náà ló ti wá. Ẹ fẹ́ fi ohun tí ìràwọ̀ ṣe fa ohun tí ìràwọ̀ ṣe jáde kúrò nínú ohun tí ìràwọ̀ ṣe."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo wo ọwọ́ ara mi tó di ọ̀pá mú, gbogbo eegun inú rẹ̀, ara mi sì bù máṣọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlélógún

A lọ eérú eegun náà, a sẹ́ ẹ, a fi omi díẹ̀ pò ó, mo tẹ ife mẹ́ta. Kí wọ́n gbẹ fún ọjọ́ mẹ́wàá, ó kéré tán. Òjò bẹ̀rẹ̀ kí n tó fọ ọwọ́ tán.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo mọ òwe yìí kí n tó mọ̀wé, síbẹ̀ mo mú ife kan lónìí, mo fi òjé lásán dán an wò. Omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ó ta pàù, ó pín sí méjì, òjé gbígbóná sì ta sí ẹ̀wù iṣẹ́ mi. Bí kì í bá ṣe jígí tó wà lójú mi ni, ojú mi gan-an ni ì bá ta sí.

Mi ò kọ́kọ́ rántí pé mo wọ jígí. Ó kù ife méjì.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ojú ọ̀run là ní ìrọ̀lẹ́, ó sì fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi lọ sí ilé awò tó ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìlú. Obìnrin tó ń ka ìràwọ̀ ò mọ bí wọ́n ṣe ń yẹra fún kòtò. Mo di ilẹ̀kùn mú títí a fi dé.

Awò àtijọ́ kan wà tí wọ́n fi ń han àlejò. Bí ilẹ̀ ṣe ṣú tán, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ní kí n wò. Mo rí àbàwọ́n fífunfun kan, bí ìgbà tí ènìyàn fi ìka tó ní ìyẹ̀fun kan aṣọ dúdú. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ kan. Ó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ.

"Gbogbo rẹ̀ nìyí?"

"Àbàwọ́n yẹn, ìràwọ̀ tí kò níye ni. Ẹ̀kán yẹn, ìràwọ̀ kan ṣoṣo ni. Ní ọ̀sẹ̀ tó bẹ́, òun nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tàn tó gbogbo wọn. Ó ti ń rẹ̀ báyìí."

"Ìgbà wo ló tó bẹ́?"

"Ọjọ́ kẹfà la rí i. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ náà ti wà lójú ọ̀nà láti ogún mílíọ̀nù ọdún."

Mo tún fi ojú sí i. Mi ò mọ bí mo ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó gbéra kí ẹnikẹ́ni tó wà, kí ẹnikẹ́ni tó mọ iná dá, ojú èmi alágbẹ̀dẹ tó ń bínú sí jígí ló wá sọ̀kalẹ̀ sí. Mo bèèrè ìbéèrè òmùgọ̀ kan. Mo ní, "Ìyá rẹ ńkọ́, nígbà yẹn?"

Kò fi mí ṣẹ̀sín. "Gbogbo ohun tí wọ́n fi dá a ti wà nílẹ̀, Bàámi. Irin inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, eegun rẹ̀, wúrà ọwọ́ rẹ̀. Ìràwọ̀ mìíràn tó bẹ́ nítòsí wa ló fi wọ́n sílẹ̀, kí oòrùn pàápàá tó wà. Wọn ò kàn tíì pàdé ara wọn ni."

Nígbà tí a ń bọ̀, kòtò pàápàá ò dùn mí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kìíní oṣù keje

Oòrùn! Mo gbé ife méjèèjì síta, mo jókòó tì wọ́n bí adìyẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrin

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Mo tọrọ òjé lọ́wọ́ Apẹja ní àárọ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ yọ́ ọ fún mi, ẹ tún wá ń gbà á?" ṣùgbọ́n ó tú mẹ́rin kúrò létí àwọ̀n rẹ̀ tó ń lò lọ́wọ́. A gbé ìléru sí gbangba, a kẹ̀yìn sí atẹ́gùn, torí èéfín òjé ò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ọmọ mi fi aṣọ dí mi nímú, ó so ó ní ìdè tí mi ò lè dá tú. Mo fi ife kan sínú iná títí ó fi pọ́n. Mo fi òjé di eérún wúrà mẹ́ta náà, mo fi ẹ̀mú gbé e sínú ife.

Ó yọ́. Ó di bọ́ọ̀lù kan tó dúdú, tó ń mì. Èéfín tín-ín-rín ń gòkè lára rẹ̀. Mo ń fẹ́ iná, ọmọ mi ń wo aago. Ife bẹ̀rẹ̀ sí í mu. Mo ń rí i bí ó ṣe ń rin sísàlẹ̀, bí omi tó ń wọ iyanrìn. Bọ́ọ̀lù náà ń kéré, ó ń kéré, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé ife yóò mu gbogbo rẹ̀ tán, pé mo ti rántí ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi lódì.

"Bàámi, ó ń tán lọ."

"Mo ń rí i."

"Ṣé kí a gbé e kúrò?"

Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọwọ́ mi ti wà lórí ẹ̀mú. Mo kàn rántí pé nígbà yẹn, èmi náà bẹ ọ̀gá mi pé kó gbé e kúrò, ó sì ní kí n pa ẹnu mi dé. Mo fa ọwọ́ padà.

Àwọ̀ wá hàn lójú rẹ̀. Pupa, ewé, àwọ̀ aró, wọ́n ń sáré yí i ká bí òṣùmàrè tó há. Wọ́n yára, wọ́n yára sí i. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ dúró, ó ṣú bí ẹni tó fẹ́ kú, ó sì kọ mànà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìmọ́lẹ̀ kan tó funfun débi pé mo fà sẹ́yìn.

Ó wá dúró jẹ́ẹ́ nínú ife. Ó yí roboto. Ó pọ́n.

Ọmọ mi ti di ọrùn ọwọ́ mi mú, èékánná rẹ̀ ń wọ mí lára. "Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń ka nípa ohun tó ń bẹ́. Mi ò dúró tì í rí."

Nígbà tó tutù, mo gbé e sórí owú, mo lù ú. Ó tẹ̀. Mo tún lù ú, ó fẹ̀ bí ewé, kò sí ìró kankan. Mo sunkún. Mi ò fi pamọ́, èéfín kankan ò sí tí mo lè di ẹ̀bi rẹ̀ rù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje

Òṣùwọ̀n ní ó dín. Bàbà tí mo pò mọ́ ọn lọ́dún yẹn ti bá òjé lọ, wúrà díẹ̀ náà sì wà nínú ife. Èyí tó kù rọ̀ jù fún òrùka. Mo tú rédíò ìyá rẹ̀ tó ti bàjẹ́ láti ìgbà pípẹ́, mo gé wáyà bàbà ínǹṣì kan nínú rẹ̀, mo yọ́ ọ pọ̀ mọ́ ọn. Kí n tó lo ìkòkò, mo fi àtàǹpàkò kà á, mo sì fi jígí wò ó. Ọmọ mi rí mi. Ó gbé àtùpà súnmọ́ mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án

Òrùka ti parí. Mo gbé ife tó mu òjé sí ojú fèrèsé, níbi tí rédíò máa ń wà. Ó wúwo ju bí ènìyàn ṣe rò lọ.

Nígbà tí ilé dá, mo wọ jígí, mo mú irin ìfín tó tín-ín-rín jù, mo fi nǹkan kan sí inú òrùka náà níbi tí ojú kì í dé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá

Oòrùn, atẹ́gùn díẹ̀. Apẹja bá wa gbé ẹrù sínú mọ́tò, ó ní kí ọmọ náà bá òun kí àwọn ìràwọ̀, kó sọ fún wọn pé òjé òun mẹ́rin wà lọ́rùn wọn.

Ní pápákọ̀ òfurufú, mo bi í bí ìràwọ̀ rẹ̀ ṣe wà. Ó ní ó ti ṣú. Lálẹ́ àná, awò àtijọ́ yẹn ò rí i mọ́.

"Ó ti kú nìyẹn?"

"Ó ti ṣe ohun tó fẹ́ ṣe. Ohun tó ṣe ló ń rìn lọ báyìí. Á máa rìn títí á fi pàdé ohun mìíràn."

Mo fún un ní òrùka. Ó fi sọ́wọ́, ó yí i po lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ sì yí padà. Mo mọ̀ pé èmi ni àyà rẹ̀ já fún.

"Bàámi, nǹkan kan wà nínú rẹ̀. Ṣé ó tún là ni?"

"Bọ́ ọ. Má wò ó. Fi àtàǹpàkò kà á."

Àwọn ènìyàn ń ti ẹrù kọjá lọ́tùn-ún lósì. Ó di ojú rẹ̀ láàárín wọn, ó ki àtàǹpàkò bọ inú òrùka, ó rọra ń wá a kiri, bí ó ṣe máa ń ṣe ní ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí mo bá to ìkòkò síwájú rẹ̀ pé kó kà wọ́n.

"Mélòó?"

"Ọ̀kan," ó wí. Ó ṣí ojú. Kò sí ẹni tó ní láti sọ ohun tí ìlà kan jẹ́ fún un.

"Ìwọ nìyẹn," mo wí.

Ó dì mọ́ mi, ó sì wọlé. Jígí wà lójú mi, nítorí náà mo rí i dáadáa títí dé ìpẹ̀kun, kọjá àwọn ọlọ́pàá, kọjá ẹ̀rọ tó ń yẹ ẹrù wò, títí dé ibi tó ti yí kọ́nà. Ó gbé ọwọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan, òrùka náà sì kọ mànà.

Mo dúró síbẹ̀ lẹ́yìn tí mi ò rí i mọ́. Ohun tí èmi àti ìyá rẹ̀ ṣe ló ń rìn lọ yẹn.